Onígbàjámọ̀ Tó Ké Bíi Kọ̀ǹkọ̀

Ilé Kúforíjì ń kọjá lọ níwájú fèrèsé Láníhùn, Kúforíjì fúnra rẹ̀ sì wà nínú ilé náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ó ń mu tíì.

"Láníhùn!" Ó yọ orí síta. "Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Ọ̀nà kan náà la jọ ń lọ, èmi kàn ṣíwájú ni!"

Agbélérù ló pọn ilé náà sẹ́yìn, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ga ju igi àgbọn lọ. Ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí abiyamọ tí kò fẹ́ kí ọmọ jí: gìdì, gìdì, gìdì. Adìẹ méjì dúró lórí òrùlé, wọn ò mọ̀ pé àwọn ti di arìnrìn-àjò. Ìyàwó Kúforíjì wà níta lókè, ó ń sá aṣọ. Ilé lè máa rìn o, aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ.

"Ibo ni wọ́n ń gbé yín lọ?" ni Láníhùn ké.

"Orí òkè! Ibi tí mi ò ti ní rí omi mọ́ àfi èyí tó bá wà nínú kọ́ọ̀pù!" Kúforíjì gbé kọ́ọ̀pù náà sókè kí ayé lè rí i. Ibẹ̀ ni Agbélérù ti tẹ kòtò. Tíì dà sí i láyà. "Yéè! Ẹ rọra o! Èèyàn wà nínú ẹrù o!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà ní kọ̀rọ̀, àtilé, àtonílé, àtadìẹ.

Láníhùn pa fèrèsé dé.  Láti ìgbà tó ti fi abẹ àti àlùmọ́gàjí sílẹ̀, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ gbàjámọ̀, ilé yìí tó wà létí Adágún Àbàtàńlá ni gbogbo ayọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń rí oòrùn tó ń wọ̀ sínú omi bí ẹni tó ń lọ wẹ̀. Níbẹ̀ ló sì fẹ́ kú sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yá a lára.

"Ẹ ti rí i," ni ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ìrọ̀lẹ́ òní ni Ẹlẹ́tí, ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ adágún, ń bọ̀ wá gbọ́ tiwa. Bí etí omi bá yadi, tí ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò ké níbẹ̀, ilé ibẹ̀ á rìn."

Òfin nìyẹn. Kò sí ọmọdé kan ní ìlú Etí-Àbàtà tí kò lè kà á lórí. Nígbà tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé, Láníhùn gbéra, ó lọ bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn ni yóò bẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí àga kan tí wọ́n gbé igbá omi lé. Àga adágún ni. Adágún náà ti di ẹni tó dá dúró lójú òfin, òun náà ní ìbò bíi ti olóyè yòókù. Láníhùn, ọkùnrin tó ti fá orí ọba rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún igbá omi. Kòkòrò kékeré kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú igbá náà. Ó kí òun náà.

Ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ògiri kọnkéré tó fi sé omi mọ́, tó fi ń yangàn, ó fọ́ ọ. Ó gbin èèsún. Ó gbin làbẹ̀làbẹ̀. Ó gbin igi abura méjì tí ewé wọn ń já bọ́ bí òjò. Òṣíbàtà fúnra rẹ̀ wá láìpè, ó tẹ́ ewé lé orí omi. Gbogbo nǹkan pé, bí ilé tuntun tí wọ́n ti gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì sí.

Ayálégbé ni kò wá. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo kò ké níbẹ̀.

"Kí ló kù tí mi ò ṣe, Ìyá Tinúadé?" ni Láníhùn bi ìyàwó rẹ̀. "Kí ló kù? Ṣé kí n tẹ́ ẹní fún wọn ni?"

"Bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ẹ̀rù kí ni? Wo etí omi yẹn! Wo bó ṣe mọ́!"

Òótọ́ ni, ó mọ́. Láràárọ̀, kí àkùkọ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Láníhùn ti bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀. Ewé abura tó bá já, ó gbá a. Igi jíjẹrà tí omi gbé wá, ó gbé e dànù. Ẹrẹ̀ tó bá rí jákujàku, ó fi ọwọ̀ tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú àlùmọ́gàjí, tí yóò gé orí làbẹ̀làbẹ̀ kó dọ́gba, tó á wá fà sẹ́yìn wò ó bíi pé ó fẹ́ fún un ní díńgí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá náà a máa sọ pé àgbàlá tí a kò gbá, ojú olè ni àlejò fi ń wo onílé rẹ̀. Ṣé ọmọ onígbàjámọ̀ ni yóò wá jẹ́ kí etí omi òun rí wúruwùru níwájú òfin?

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó dìde.

"Mo fẹ́ lọ wo ọkọ̀ ojú omi."

"A ò ní ọkọ̀ ojú omi," ni Àwẹ̀ró sọ.

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ wò."

Kí Àwẹ̀ró tó sọ èkejì, ó ti jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rá pálá wọ inú làbẹ̀làbẹ̀, ó lúgọ. Ewé náà mú bí abẹ; ó gé e létí. Láníhùn fara dà á. Ẹni tó ti fi abẹ gé àìmọye etí rí kò gbọ́dọ̀ kígbe bó bá kan tirẹ̀.

Ẹlẹ́tí dé. Ó ń léfòó lórí omi, ó rí rogodo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àwọn etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ẹ̀rọ náà mọ ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé yìí. Mo wá gbọ́ ohun tí omi fẹ́ sọ."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Àwẹ̀ró dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Baálé mi jáde. Ó lọ wo ọkọ̀ tí a ò ní."

"Kó ṣe é ní ire o," ni Ẹlẹ́tí sọ. Ó na gbogbo etí, ó dákẹ́.

Ayé pa rọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ pàápàá lọ jókòó. Láníhùn la ẹnu láti ké bí ọ̀pọ̀lọ́ lásán, ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo ayé mọ̀. Ohùn kò jáde.  Ó tún gbìyànjú. Kàkà kí ohùn ọ̀pọ̀lọ́ jáde, ohùn ìyá-ìyá rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀, ohùn tí arúgbó náà fi ń gbe orin àlọ́ nígbà tí Láníhùn ṣì ń sùn lórí itan rẹ̀, ohùn kọ̀ǹkọ̀ kan báyìí tí arúgbó náà ní òun bá láyé, tí òun ò sì mọ ibi tó wọlé sí:

"Kúrúrúrú-kọ̀ọ̀ọ̀! Kúrúrúrú-kọ̀ọ̀ọ̀!"

Ó ń lọ dáadáa. Ó dùn mọ́ òun alára. Ó ní kí òun tún un ṣe ni yànmùyánmú kan bá wọ̀ ọ́ lọ́fun.

"Kúrúrú— ẹ̀hú! ẹ̀hú! ẹ̀hú! —kọ̀ọ̀ọ̀!"

Ẹlẹ́tí kò mira. Etí rẹ̀ yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi dojú kọ làbẹ̀làbẹ̀ náà. Láníhùn di òkúta. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà fi ohùn tó dún dé òdìkejì adágún kéde:

"Ẹ gbọ́ o! Ohùn kọ̀ǹkọ̀ aládé ni mo gbọ́ yìí, èyí tí etí kankan kò gbọ́ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa! Láti ìsinsìnyí lọ, abẹ́ ààbò adágún ni ibí yìí wà. Ẹsẹ̀ èèyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ kan ewé kan níbẹ̀. Onílé pàápàá."

Okùn ìmọ́lẹ̀ kan já láti ara rẹ̀, ó yí gbogbo etí omi náà ká.

Inú Láníhùn dùn débi pé ó fẹ́ fò sókè. Ilé òun bọ́! Ilé òun kò ní rìn! Ó ti gbé orókùn kan sókè kó tó rántí pé òun nìkan ni èèyàn tó wà nínú ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Ọ̀nà omi nìkan ló kù. Ó rọra yọ́ bọ́ sínú adágún, ó fi orí gba abẹ́ òṣíbàtà, ó yí ká, ó gúnlẹ̀ sí etí omi Kúforíjì níbi tí ilé kò ti sí mọ́. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó dé irùngbọ̀n, ewé òṣíbàtà kan sì rọ̀ mọ́ ọn lórí gbàgà.

Àwẹ̀ró ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo ewé náà. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Aládé."

"Ìyá Tinúadé, jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Kí lẹ fẹ́ ṣàlàyé? Ikọ́ yẹn tí mo ti ń gbọ́ lórí ìrọ̀rí láti ìgbà ìyàwó, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n nínú koríko ni?"

*

Bí ìyà tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ewé abura kan já. Láníhùn ń wò ó láti ojú fèrèsé. Òmíràn já lé e lórí. Láníhùn mú ọwọ̀, ó dé ibi okùn ìmọ́lẹ̀, okùn náà kùn hùn-ún, ó padà. Lọ́jọ́ kejì, ewé ti di òkìtì. Lọ́jọ́ mìíràn, omi gbé kùkùté igi jíjẹrà kan wá, ó gbé e kalẹ̀ síbi tó ṣe gbangba jù lọ, ó lọ. Làbẹ̀làbẹ̀ hu orí jágbajàgba bíi ti wèrè ọjà. Láníhùn ò lè jẹun. Ó ń gbá pálọ̀. Bó bá gbá pálọ̀ tán, á gbá òrùlé. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró bá a níbi tó ti ń gbá ara ògiri.

"Ẹ fi ògiri sílẹ̀, kò dá nǹkan kan."

"Ojú ń tì mí, Ìyá Tinúadé! Àlejò ń wá láti ìlú mìíràn wá wo kọ̀ǹkọ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n ń bá!"

Àlejò ń wá lóòótọ́. Bàbá Kọ̀ǹkọ̀ ni wọ́n ń pe Láníhùn báyìí. Wọ́n á dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n á fi ọwọ́ lé ẹnu, wọ́n á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó wọ yàrá ọmọ tuntun. Láníhùn a dúró tì wọ́n, a máa rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Kúforíjì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?" ni Láníhùn bi í.

"Òòlù ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré etí omi mi." Kúforíjì jókòó, ojú rẹ̀ ń dán. "Láníhùn, mi ò ní tàn ọ́, orí òkè yẹn kò dára. Ìyàwó mi bu omi adágún sínú abọ́, ó gbé e sójú fèrèsé, a jọ ń wò ó. Àgbà méjì! A ń wo abọ́! Mo sọ fún un pé bí kọ̀ǹkọ̀ tó ti lọ láti ayé bàbá bàbá wa bá lè padà, kí ló fẹ́ dí Kúforíjì lọ́wọ́? Ìwọ lo fún mi lọ́kàn. Lọ́la tí Ẹlẹ́tí bá padà wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa láti orí òkè là ń bọ̀."

"Lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ìwọ ò gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn òpùrọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá purọ́ mọ́ omi, Agbélérù ò ní gbé ilé tirẹ̀ lọ sórí òkè o. Yóò gbé e kọjá òkè ni." Ó gbá Láníhùn lẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Nígbà tó lọ tán, Láníhùn jókòó síwájú ẹ̀kọ tó ti tutù. Kúforíjì, tó jẹ́ pé látọmọdé ni wọ́n ti jọ ń bú ara wọn, ń fi ọwọ́ lílé fọ́ kọnkéré nítorí ikọ́ òun.

"Ẹ ó ké lọ́la ni, àbí ẹ ó sọ?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Bí mo bá sọ, ilé lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mo bá ké, ilé dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ó sì máa ké títí ẹ ó fi kú. A ò ní lè lọ kí Tinúadé nílé ọkọ mọ́, torí kọ̀ǹkọ̀ kì í lọ kí ọmọ. Bí ẹ bá sì kú, èmi ni wọ́n á ní kó máa ké." Ó gbé ẹ̀kọ náà kúrò níwájú rẹ̀, ó fi òmíràn tó gbóná rọ́pò rẹ̀. "Ilé tí mo fẹ́, èyí tí ọkọ mi lè wọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ni, kì í ṣe láti inú omi. Bó bá wà lórí òkè, bó bá wà kọjá òkè, mo ń bá yín lọ. Ẹ jẹun."

*

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, gbogbo Etí-Àbàtà ló dé. Àwọn kan wà lórí omi nínú ọkọ̀, àwọn kan rọ̀ mọ́ igi. Ará òkè dúró níwájú, Kúforíjì ló ṣáájú wọn, ó ti wọ agbádá nítorí kọ̀ǹkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní kọ̀rọ̀, Agbélérù dúró lórí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ẹlẹ́tí léfòó dé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé."

Láníhùn bọ́ síwájú, ó dúró létí okùn ìmọ́lẹ̀. 

"Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kọ̀ǹkọ̀ tí ẹ wá gbọ́ yìí—"

"Kọ́ọ̀," ni nǹkan kan sọ nínú òkìtì ewé.

Láníhùn wẹ̀yìn. "Mo ní, kọ̀ǹkọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀—"

"Kọ́ọ̀. Kọ́ọ̀," ni òmíràn dáhùn lábẹ́ kùkùté jíjẹrà. "Wọ̀ọ̀ọ̀kẹ́!" ni ẹ̀kẹta sọ nínú làbẹ̀làbẹ̀ tí kò rí àlùmọ́gàjí mọ́. Kó tó mí, gbogbo etí omi náà ti hó. Ti abẹ́ ewé ń ké, ti inú ẹrẹ̀ ń dá a lóhùn, ti orí òṣíbàtà ń jà pé òun lòun ń ké jù.

"Ẹ gbọ́ mi o!" ni Láníhùn pariwo. "Mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́!"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," ni Ẹlẹ́tí sọ, "ẹ ń dí mi létí."

"Dákẹ́, Láníhùn!" ni Kúforíjì jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ nìkan lo lẹ́nu ni?"

"Kì í ṣe kọ̀ǹkọ̀! Kì í ṣe kọ̀ǹkọ̀ kankan! Ẹ gbọ́!" Ó ń fò sókè, ó ń ju ọwọ́, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé ohùn sókè, òun náà ń gbé e. Ẹ̀yin tó mọ ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa mọ̀ pé wọ́n máa ń dákẹ́ lójijì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ bá wọlé dé bá. Wọ́n dákẹ́ báyìí nígbà tí Láníhùn ti mí èémí tó pọ̀ jù lọ sínú, tó sì ti la ẹnu:

"ÈMI NI KỌ̀ǸKỌ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà rìn lórí omi lọ sí òdìkejì adágún. Ó gbá òkè níbẹ̀, ó padà wá sílé: *...kọ̀ǹkọ̀... ǹkọ̀...*

 Ọmọ ọwọ́ kan rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni," ni Láníhùn tún sọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Inú koríko ni mo lúgọ sí tí mo ń ké. Ohùn ìyá-ìyá mi ni mo yá. Kúforíjì, má bínú. Ẹlẹ́tí, mo purọ́ mọ́ omi. Ẹ pe Agbélérù kó wá gbé mi."

"Mo mọ̀, sà," ni Ẹlẹ́tí sọ.

"Ẹ mọ̀?"

"Kọ̀ǹkọ̀ aládé kì í wúkọ́, sà."

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan jábọ́ láti orí igi. Agbélérù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àbọ̀ tí mo fún adágún," ni Ẹlẹ́tí ń bá a lọ, "ni pé mo gbọ́ ohùn kọ̀ǹkọ̀ aládé, láti ẹnu ẹranko kan tí òtútù mú. Adágún mọ ẹranko náà. Láràárọ̀ ló ń wá, ó ń kó ewé tí ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ sá sí, ó ń kó igi tí kòkòrò tí wọ́n fẹ́ jẹ ń gbé. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní etí omi tó mọ́ tó tiyín rí, sà. Ebi ni yóò pa ọ̀pọ̀lọ́ tó bá wá a wá. Òfin kò fún adágún láṣẹ láti gba ọwọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Àmọ́ ó fún un láṣẹ láti dáàbò bo ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn tó ṣọ̀wọ́n lẹ́ẹ̀kan, títí wọn ó fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Adágún ò purọ́, ó kàn ní sùúrù ni."

Láníhùn wo òkìtì ewé tó ti ń kó ìtìjú bá a. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan jókòó lórí rẹ̀, ó ń wò ó bí onílé tí ń wo àlejò.

"Nígbà náà, ilé mi..."

"Etí omi yín ti sọ̀rọ̀. Kò sí ibi tí ilé yín ń lọ. Nítorí irọ́ yẹn, adágún bu ìyà kan fún yín: kò sí ẹ̀rọ kankan tó ní ohùn ìyá-ìyá yín. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹ ó jókòó létí okùn yìí, ẹ ó ké e. Bó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan níbì kan, kó lè mọ̀ pé àwọn èèyàn òun ṣì wà."

Kúforíjì ti wà níwájú Láníhùn báyìí, ó mú un ní kọ́là. Ojú rẹ̀ le koko.

"Nítorí ìwọ, mo fọ́ kọnkéré tí mo fi gbogbo ayé mi mọ."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ mi lé."

"Mo rí i."

"Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe sí i?"

"Fọ́ èyí tó kù," ni Láníhùn sọ. "Kó o wá ju ọwọ̀ rẹ nù, kó o jókòó sórí ọwọ́ rẹ. Èyí ló nira jù. Èmi á wá bá ọ jókòó lé e."

Kúforíjì ń wò ó lọ títí ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó sì túká sínú ẹ̀rín tó fa agbádá ya. "Onígbàjámọ̀! Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ inú koríko! Ẹ̀hú! Ẹ̀hú!"

*

Nígbà tí òjò tún padà dé, tí etí omi Kúforíjì náà sì sọ̀rọ̀, Agbélérù gbé ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àtadìẹ, àtaṣọ sísá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láníhùn ti parí ìyà rẹ̀ létí okùn, ó ti wọlé, ó wà nídìí èkuru pẹ̀lú Àwẹ̀ró. Afẹ́fẹ́ gbé ewé abura kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó balẹ̀ sórí tábìlì. Ó wò ó. Láníhùn nawọ́ sí i, ó tún ká ọwọ́ kò. Ó fi í síbẹ̀.

"Kúrúrúrú-kọ̀ọ̀ọ̀."

"Bàbá Tinúadé," ni Àwẹ̀ró sọ, kò gbójú sókè, "mo ti bẹ̀ yín, ẹ yéé ké nídìí oúnjẹ."

 Àwẹ̀ró gbójú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì wú bọ̀ǹbọ̀, ó kún fún èkuru, ojú rẹ̀ sì yọ síta. Ó ń fi ìka tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ó ń mi orí pé rárá, rárá.

Níta, lọ́hùn-ún lórí omi, ohùn náà tún ké. Kò wúkọ́.